Mo fi RAM àti SSD tuntun sínú kọ̀ǹpútà mi, kò gbé nǹkan kan sójú mọ́nítọ̀ mọ́. Ẹ gbà mí o

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 8:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti dójú ẹ̀ fún mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbí tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, tòkunbọ̀ ni, èyí tó máa ń dá dúró lórí ilẹ̀. Core i5-4590 ni ọpọlọ rẹ̀, RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 2 GB méjì, hádì dísìkì 500 GB. Ó ti ń wọ́ bí ìgbín. Tí mo bá ṣí Word àti Chrome pọ̀, màá lọ bu omi mu, màá padà dé kó tó dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ra RAM 8 GB méjì àti SSD 480 GB, dísìkì ìgbàlódé tó yára ju hádì dísìkì lọ. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tún nǹkan ṣe kọ́kọ́ kọ́pì gbogbo ohun tó wà lórí hádì dísìkì sórí SSD, ó ní ó ti lọ tán. Ó yọ RAM àtijọ́, ó ki tuntun méjèèjì bọ̀ ọ́, ó yọ hádì dísìkì, ó fi SSD sí ipò rẹ̀. Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́, fáànù yí, iná iwájú tàn, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn biribiri, kọ̀ǹpútà wá ń ké pí, pí, pí. Ó yọ bátìrì róbótó tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú rẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ó dá a padà, bákan náà ló ṣe. Ó wá ní bọ́ọ̀dù ti jó, kí n lọ wá owó òmíràn.

Ọmọ mọ́kànlélógún ló ti sanwó ìforúkọsílẹ̀ fún mi. Ṣé bọ́ọ̀dù ti jó lóòótọ́?

Wálé_Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, aago 8:41 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bí tèmi ṣe ṣe nìyẹn lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀dù ló kú. Ẹ má ná owó sí i mọ́, ẹ wá tòkunbọ̀ mìíràn.

Alátùn-únṣe_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, aago 9:05 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìnira. Ẹ má tíì ra nǹkan kan o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń ké yẹn. Kí kọ̀ǹpútà tó gbé ohunkóhun sójú mọ́nítọ̀, RAM ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí kò bá rí RAM tó ṣe é lò, kò lè ya nǹkan kan fún wa rí, igbe nìkan ló kù tó lè fi pè wá. Bọ́ọ̀dù tó bá ti kú kì í ké. Wálé, ṣé tìrẹ ké lọ́jọ́ náà?

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ yẹn pààrọ̀ RAM, ó pààrọ̀ dísìkì, ó tún yọ bátìrì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ò wá mọ èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá, ẹ wá tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, nítorí iná tó máa ń wà lára èèyàn nígbà ọyẹ́ lè ba RAM jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ yọ RAM tuntun méjèèjì. Ẹ mú ẹyọ kan nínú àwọn 2 GB àtijọ́, òun nìkan, kí ẹ fi sínú ihò àkọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní igun méjèèjì títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ̀", tí etí tó ń dì í mú yóò padé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń gba agbára díẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan án, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.

Bísí_Àkúrẹ́
Ọjọ́ Ajé, aago 9:22 àárọ̀

Ẹ tún mú írésà, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, kí ẹ fi rọra nu ẹsẹ̀ RAM tó ní àwọ̀ wúrà. Ẹ gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú ihò rẹ̀ o, itọ́ á wọ ibẹ̀.

Àmọ́ ṣé kì í ṣe pé àpótí tó ń pín iná kò lè gbé SSD àti RAM ńlá náà? Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa.

Alátùn-únṣe_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 àárọ̀

Àǹtí Bísí, SSD kì í jẹ iná tó hádì dísìkì, kò ní ohun tó ń yí nínú. RAM náà kò jẹ nǹkan kan tó lè da àpótí iná láàmú. Tí ẹ bá ki káàdì ńlá tí wọ́n fi ń ta géèmù bọ̀ ọ́, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Írésà yẹn dára gan-an.

ÀgbàAkàwé
Ọjọ́ Ajé, aago 10:12 àárọ̀

Àbúrò mi Ìbàdàn, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bọ́ọ̀dù lè ké kí ihò kan lára rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ìyá wa, tí ihò àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé RAM kan náà lọ sí ihò kejì kí ẹ tó sọ pé RAM ni kò dára. Ẹ ka iye igbe rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kà á yàtọ̀ síra, ẹ wá orúkọ kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú iye igbe náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wálé_Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, aago 10:20 àárọ̀

Tèmi kò ké rárá o. Fáànù ló kàn ń yí. Mo gba àtúnṣe yín, ẹ̀gbọ́n.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 12:47 ọ̀sán

Ọlọ́run á bù kún yín! Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í pẹ̀lú írésà ọmọ mi. Mo fi 2 GB àtijọ́ kan sí i, mọ́nítọ̀ tàn! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Mo wá dán tuntun wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ tàn, ó gbé 8 GB hàn. Èkejì, pí pí pí. Mo gbé e lọ sí ihò kejì bí bàbá ṣe wí, pí pí pí. Mo dá àkọ́kọ́ padà sí ihò kejì yẹn, ó tàn. Kò sí ohun tó ṣe ihò méjèèjì.

Àmọ́ wàhálà mìíràn tún dé. Dípò kó wọlé sí Windows, ohun tó ń kọ ni "No bootable device found". Ọjọ́ tó sì ń gbé hàn ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014.

Kúnlé_Manchester
Ọjọ́ Ajé, aago 1:15 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ bá mi wo bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara RAM méjèèjì, kí ẹ kọ ohun tó wà lára rẹ̀ síbí bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo fura sí nǹkan kan.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 1:31 ọ̀sán

Èyí tó ṣiṣẹ́: 8GB 2Rx8 PC3-12800U.
Èyí tó ń ké: 8GB 1Rx4 PC3-12800R.

Bísí_Àkúrẹ́
Ọjọ́ Ajé, aago 1:38 ọ̀sán

Méjèèjì ló ní R, méjèèjì ló jẹ́ 12800. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó ń ké ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kúnlé_Manchester
Ọjọ́ Ajé, aago 2:10 ọ̀sán

Rárá o, Àǹtí Bísí. Ibi tó ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. R tó wà láàárín, nínú 2Rx8 àti 1Rx4, kò ju bí wọ́n ṣe to àwọn ike dúdú wẹ́wẹ́ ara RAM lọ. Kò sí èyí tí kì í ní in. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn 12800, ni kẹ́ ẹ wò. U ni ti kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò. R ni ti sáfà, àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ilé-iṣẹ́ máa ń tan sílẹ̀ tọ̀sántòru. RAM ti R ní ike kan láàárín tó ń gba àṣẹ kó tó pín in fún àwọn yòókù, Core i5 kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké bí ẹni tí kò rí RAM kankan.

Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ ka àwọn ike dúdú náà. Ti U yín gbọ́dọ̀ ní mẹ́jọ lójú kan, mẹ́jọ lójú kejì. Ti R máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì rí ọ̀kan tó dá yàtọ̀ láàárín.

Níbí tí mo wà, àwọn ọ́fíìsì máa ń kó sáfà àtijọ́ dànù, wọ́n á tú RAM inú wọn sínú páálí, páálí náà á sì bá ẹrù tòkunbọ̀ lọ sílé. Ihò DDR3, ìran RAM tí kọ̀ǹpútà yín ń lò, ni méjèèjì ń wọ̀, ẹsẹ̀ 240 náà ni méjèèjì ní, ibi tí wọ́n gé sí kò yàtọ̀. Kò sí ohun tó máa dá yín dúró láti kì í bọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún yín má mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 2:25 ọ̀sán

Mo kà á. Mẹ́jọ àti mẹ́jọ ni ti U. Ti R kún fọ́fọ́ tojú tẹ̀yìn, ọ̀kan tó fẹ̀ ju àwọn yòókù sì wà ní àárín gbùngbùn. Háà! Ojú mi là.

ÀgbàAkàwé
Ọjọ́ Ajé, aago 2:40 ọ̀sán

Kúnlé, o ṣeun ọmọ mi. Ní ti SSD, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹni tó kọ́pì rẹ̀ kò kọ́pì rẹ̀ dáadáa. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún Windows ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alátùn-únṣe_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, aago 3:18 ọ̀sán

Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká mú sùúrù díẹ̀ ká tó pa nǹkan kan rẹ́. Ọjọ́ 2014 tí ìyá wa rí yẹn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Bátìrì róbótó tí ọmọ yẹn yọ, òun ló ń jẹ́ kí BIOS, ìyẹn ohun tó wà nínú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí, rántí ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Bó ṣe yọ ọ́, gbogbo ètò padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́. Pé ọjọ́ náà ṣì wà ní 2014 lẹ́yìn tó ti dá bátìrì padà kò burú, ẹnikẹ́ni kò tíì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ètò méjì mìíràn wà tó yí padà láìsí ẹni tó mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń wá Windows. Ọ̀pọ̀ Windows tí wọ́n fi sórí tòkunbọ̀ irú èyí, ọ̀nà àtijọ́ tó ń jẹ́ Legacy ni wọ́n fi ṣe é. Tí BIOS bá ti padà sí UEFI, ọ̀nà tuntun, yóò wo SSD yín lójú, yóò sì ní òun kò rí Windows níbẹ̀. Èkejì ni ètò SATA, ìyẹn bí bọ́ọ̀dù ṣe ń bá dísìkì sọ̀rọ̀: AHCI, RAID tàbí IDE.

Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa tẹ F2 ní àtẹ̀tẹ̀ẹ̀tẹ̀. Tí kò bá wọlé, ẹ gbìyànjú F10 tàbí Delete. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ SSD wà lára àwọn dísìkì tó rí. Tó bá wà níbẹ̀, SSD yè. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé kí ẹ tó yí ohunkóhun. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ UEFI àti Legacy sí, ẹ mú Legacy. Ẹ fi pa mọ́, kí ẹ jáde. Ẹ má so hádì dísìkì àtijọ́ mọ́ ọn o. Windows kan náà ló wà lórí méjèèjì báyìí, tí wọ́n bá jọ wà níbẹ̀, ẹ lè máa bá ti àtijọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹ rò pé SSD ni.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 5:02 ìrọ̀lẹ́

NEPA mú iná lọ láàárín, mo ní láti tan jẹnẹrétọ̀. SSD wà níbẹ̀, mo rí orúkọ rẹ̀. Mo mú Legacy. Windows bẹ̀rẹ̀ sí í yí, inú mi ti ń dùn, ni ojú rẹ̀ bá di búlúù: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE.

Alátùn-únṣe_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, aago 5:09 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire! Ó ti rí Windows nìyẹn. Ètò kejì ló kù. Ẹ padà sínú BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA sí. Kí ló wà níbẹ̀?

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 5:16 ìrọ̀lẹ́

RAID.

Alátùn-únṣe_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, aago 5:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ yí i sí AHCI, ó jọ pé òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi Windows yín sí i. Ó lè kìlọ̀ fún yín pé Windows lè má ṣí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Fáìlì yín kò ní pa rẹ́. Ẹ kàn má tẹ ohunkóhun tó bá ní òun fẹ́ to dísìkì pọ̀ tàbí dá RAID sílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ajé, aago 5:34 ìrọ̀lẹ́

Ó WỌLÉ O! Ó WỌLÉ! Kí n tó ka ení dé ogún, ó ti ṣí. Gbogbo fáìlì mi wà níbẹ̀, títí dé lẹ́tà ìgbéyàwó tí mo tẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ má bínú, ìbéèrè méjì ṣì kù. Ibi ìforúkọsílẹ̀ kò ṣí, Chrome ní aago mi ti pẹ́ sẹ́yìn. SSD tí mo sì ra ní 480 GB, 447 ló ń gbé hàn. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Bísí_Àkúrẹ́
Ọjọ́ Ajé, aago 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo bá yín yọ̀! Ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe nínú Windows. Ìkànnì tó ní ààbò máa ń wo ọjọ́, tó bá ti rí 2014, kò ní gbà yín wọlé. Tó bá tún padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì yẹn ti rẹ̀. CR2032 ni ẹ ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún aago ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ara yín bá balẹ̀, torí ètò BIOS á tún sọnù, ẹ ó sì ní láti mú Legacy àti AHCI padà. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí náà.

Kúnlé_Manchester
Ọjọ́ Ajé, aago 6:05 ìrọ̀lẹ́

Wọn ò rẹ́ yín jẹ mà. Ẹni tó ṣe SSD ń ka 1 GB sí bílíọ̀nù báìtì kan. Windows ń fi 1,024 lọ́nà mẹ́ta ka tirẹ̀, nítorí náà 480 ti ọ̀hún ni 447 ti níbí. Hádì dísìkì 500 yín náà, 465 ló ń gbé hàn tẹ́lẹ̀, ẹ kàn lè má ti kíyè sí i ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni, yóò fi wákàtí tí wọ́n ti lo SSD náà hàn. Tí wọ́n bá tà á fún yín bíi tuntun tó sì ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, ẹ dá a padà.

Wálé_Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, aago 8:30 alẹ́

Ìbéèrè tèmi náà: ṣé ó tọ́ kí wọ́n náwó sí i? Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, i5 yẹn kò sì sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11.

ÀgbàAkàwé
Ọjọ́ Ajé, aago 8:52 alẹ́

Ìbéèrè gidi ni. SSD kò lè ṣòfò, ẹ lè tú u lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́la. RAM DDR3 ni kò lè bá yín lọ, ihò DDR4 kò gbà á. Nítorí náà ẹ má ra ju ohun tí ẹ nílò lọ. Fún ìwé títẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀, 8 GB yẹn tó. Mo sì fà á sẹ́yìn ohun tí mo sọ nípa pípa SSD rẹ́, àbúrò mi ló gba yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Alátùn-únṣe_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, aago 9:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, bàbá. Níbi 8 GB, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Kí wọ́n fi 2 GB àtijọ́ kan sí ihò kejì, ó di 10. Tí RAM àtijọ́ bá lọ́ra ju tuntun lọ, ìwọ̀n tirẹ̀ ni méjèèjì yóò jọ máa rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀wé kò ní mọ̀ ọ́n lára. Kí wọ́n fi MemTest86+, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú RAM, yẹ méjèèjì wò lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá dúró. Àṣìṣe ẹyọ kan péré, ẹ yọ 2 GB yẹn.

Hádì dísìkì àtijọ́, ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e, kí ẹ gbé e sókè fún oṣù kan gbáko. Ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ má sì fi yá ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ni ẹ̀dà kejì tí ẹ ní báyìí.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́rú, aago 7:40 alẹ́

Mo ti forúkọ gbogbo ọmọ mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún sílẹ̀, ìkẹyìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹni tó ta RAM fún mi gba ti R padà láìjà. Mo fi lẹ́tà tó gbẹ̀yìn hàn án, ó yà á lẹ́nu, ó sì kó àwo RAM rẹ̀ jáde pé kí n bá òun ṣà wọ́n. A rí mẹ́rin tó jẹ́ R nínú wọn. Ó fún mi ní U mìíràn, 16 GB ló ń gbé hàn báyìí. Mo pa á sí MemTest86+ di òru àná, kò rí àṣìṣe kankan. Hádì dísìkì àtijọ́ wà nínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ àwọn gèlè.

Bísí_Àkúrẹ́
Ọjọ́rú, aago 7:58 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ rántí bátìrì yẹn o.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta
Ọjọ́rú, aago 8:03 alẹ́

Mo ti rà á, Àǹtí Bísí. Lọ́jọ́ Àìkú tí n kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni màá pààrọ̀ rẹ̀. Bébà Legacy àti AHCI ti wà lára àpótí.